Ìléru Oníná Mọ̀nàmọ́ná àti Ìkòkò Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ tí a ń rà ní ọjà Lomé ni kò wọ inú ìléru rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìpetumodù, ní ẹbu Dada ní Ìlọrin, àti ní Sè, ìlú àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní agbègbè Mono ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí kò jìnnà sí ẹnubodè wa. Ojú ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń sun ún. Àwọn ìyá á to ìkòkò tí ó ti gbẹ dáadáa jọ lórí igi, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń fi ọ̀pá gígùn yọ ìkòkò pupa fòò kúrò nínú eérú. Irú iná bẹ́ẹ̀ a máa gbóná tó 600°C, nígbà mìíràn a máa tó 850°C, kò sì sí ohun èlò ìwọ̀n kankan nídìí rẹ̀ ju ojú ìyá tí ó ti ń wo àwọ̀ iná láti kékeré lọ.

Iná yìí ní àbùkù tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà lójijì, tàbí bí òjò bá ká wọn mọ́ ìdí iná, ìkòkò tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ lè di àpáàdì láàárín wákàtí kan. Àwọn babaláwo ń sọ ìtàn Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí ẹ̀dá, pé àwọn orí kan jinná nínú iná rẹ̀, àwọn mìíràn kò jinná, àti pé ẹni tí ó bá yan èyí tí kò jinná, òjò ni yóò wó o kí ó tó dé ayé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn mọ ìdí iná ìkòkò dáadáa. Ní tiwa lónìí, igi pàápàá ti di ohun tí a ń fi owó rà, ibi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ sì ń jìnnà sí i lọ́dọọdún.

Nítorí èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń béèrè pé: nígbà tí kúráǹ ti wọ ilé wa, kí ló dé tí a kò fi í sun ìkòkò? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, àti pé ọwọ́ wa tó o láti kọ́ irú ìléru bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkòkò ni ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni a sì fẹ́ kọ́kọ́ yanjú kí a tó dé orí bíríkì àti wáyà.

Ẹ wo àmù omi, èyí tí àwọn ará Lomé ń pè ní canari. Ohun tí ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù ni pé ara rẹ̀ ní ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru àmù lọ pẹ̀lú. Bí a bá sun amọ̀ yìí kọjá ààlà rẹ̀, ihò wọ̀nyẹn á dí, ìkòkò á le koko bí òkúta, á sì máa dún gooro bí a bá fi ìka kàn án, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọ̀sán bí omi inú ike. Ti ìṣaasùn ọbẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe wa sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òtítọ́ ni, àmọ́ ìdí tí yóò gbóná lórí ààrò lójoojúmọ́ láìfọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ kò dì pọ̀ jù. Iyanrìn àti àpáàdì lílọ̀ tí àwọn ìyá ń pò mọ́ amọ̀, pẹ̀lú iná tí kò ga jù, ni ó ń jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé bí iná bá ti ga tó ni ìkòkò á ṣe dára tó kò tíì bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Ọ̀rọ̀ èéfín tún wà níbẹ̀. Ìkòkò dúdú tí ń dán, tí a fẹ́ràn láti fi se ọbẹ̀, inú èéfín ni ó ti rí àwọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n tún máa ń fi omi tí wọ́n se láti ara èèpo èso igbá wọ́n ìkòkò nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ara rẹ̀ lè dí díẹ̀, kí ó sì dán. Ìléru oníná mọ̀nàmọ́ná kò ní èéfín kankan. Pupa tàbí àwọ̀ ara amọ̀ náà ni ohun gbogbo yóò bá jáde. A kò sì gbọ́dọ̀ ju ewé tàbí koríko sínú rẹ̀ láti wá èéfín, nítorí èéfín ń jẹ awọ tí ń dáàbò bo wáyà inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ dúdú yóò dúró kí ìkòkò tutù, yóò wá fi í sínú agolo ńlá onídèérí pẹ̀lú ewé gbígbẹ, yóò sì dáná èéfín fún un lọ́tọ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ìléru yìí? Ife, àwo ìjẹun, táìlì ògiri, ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀, ère kéékèèké, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti ohun gbogbo tí a bá fẹ́ kun ní ọ̀dà tí ń dán bí gíláàsì, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní émail. Púpọ̀ nínú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í yọ́ títí iná yóò fi tó 1000°C, ojú ilẹ̀ gbalasa kò sì lè fún wa ní iná tí ó dúró déédéé ní ibi gíga bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ kan kí a tó tẹ̀ síwájú: òjé inú bátìrì ọkọ̀ máa ń mú kí ọ̀dà yọ́ kíákíá, àwọn kan sì lè dán an wò nítorí pé ó wà nílẹ̀. Májèlé ni. Kò gbọ́dọ̀ kan ohun tí ènìyàn yóò fi jẹun tàbí fi mu omi.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọ̀rọ̀ ìléru wá sí etí òkun wa. Ní 1942, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Achimota lẹ́bàá Accra. Wọ́n fi í sídìí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Alajo tí yóò máa ṣe táìlì àti ohun èlò amọ̀. Ní 1945, wọ́n ti ibẹ̀ pa. Cardew kó lọ sí Vumë ní etí odò Volta, láàárín àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ìkòkò jẹ́ tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì kọ́ ìléru tirẹ̀ síbẹ̀. Bíríkì dà á láàmú, amọ̀ dà á láàmú, àìsàn tún dé. Ní 1948, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí ó tún padà wá sí Nàìjíríà ní 1951, tí ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja báyìí, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Igi ni ó fi ń dáná ìléru rẹ̀, iná náà sì ga púpọ̀ ju ti ojú ilẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Ladi Kwali wá ní 1954, obìnrin Gbàgyí tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20. Kò fi ọ̀nà àwọn ìyá sílẹ̀: ọwọ́ ni ó fi ń fa àmù rẹ̀ sókè, tí ó ń fín alángbá àti àkekèé sí i lára. Iná nìkan ni ó yí padà. Àwọn àmù wọ̀nyẹn rin ayé, wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri. Ṣùgbọ́n nítorí iná gíga àti ọ̀dà dídán, wọn kì í ṣe àmù tí ń mú omi tutù mọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n dà. A kò sọ èyí láti bu iyì wọn kù. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé iná tuntun ń bí ọjà tuntun, kò sì gba ipò ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìkọ́lé. Bíríkì ni ó ṣáájú. Bíríkì tí a fi ń kọ́ ilé kò wúlò fún inú ìléru, nítorí pé ó wúwo, ó ń mu ooru lọ́fẹ̀ẹ́, iná tí ó sì yẹ kí ó sun ìkòkò ni yóò máa fi gbóná ara rẹ̀. Bíríkì tí a ń wá gbọ́dọ̀ fara da iná, kí ó sì fúyẹ́ bí búrẹ́dì. A lè ṣe é láti ara amọ̀ funfun tí ń jẹ́ kaolin, tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun pákó tí a kó nídìí ayùn àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí a bá sun bíríkì náà, ìyẹ̀fun pákó á jóná tán, ihò á ṣẹ́kù sí àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ jù, bíríkì á máa rún lọ́wọ́. Bí kò bá tó, ooru á sá lọ. Kò sí ohun tí ó lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wa ju kí a ṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún wò pẹ̀lú amọ̀ tí a ní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ amọ̀ afaradà-iná ṣàjèjì sí wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará Ifẹ̀ fi yọ́ gíláàsì láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ Abidemi Babalola, tí ó walẹ̀ níbẹ̀, fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà, kì í ṣe pé wọ́n kàn tún ti òkèèrè yọ́. Ìkòkò tí ó gba irú iná bẹ́ẹ̀ láìwó, ẹni tí ó mọ ọ́n ti mọ irú amọ̀ tí yóò yàn.

Ìléru tí a dábàá fún ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ kékeré ni èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú, 30 ní gígùn, àti 35 ní gíga, bíi lítà 31, tí a ń ti òkè ṣí bí àpótí. Bí bíríkì bá jẹ́ èyí tí a ṣe fúnra wa, kí ògiri jẹ́ ìpele méjì. Férémù irin ni yóò di gbogbo rẹ̀ mú níta.

Wáyà ló kàn, ibẹ̀ sì ni a ti fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fetí sílẹ̀. Wáyà bàbà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tí a ń lò ni àdàlù irin, chromium àti aluminium tí Hans von Kantzow ṣe ní ìlú Hallstahammar ní Sweden ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí orúkọ rẹ̀ ní ọjà ń jẹ́ Kanthal. Ohun ìyanu rẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá gbóná nínú afẹ́fẹ́, aluminium inú rẹ̀ á yọ sí ojú, á di awọ líle tín-ín-rín tí ń dáàbò bò ó. Awọ yìí ni a wí pé èéfín ń jẹ.

Ní collège àti ní lycée, a ń kọ́ àwọn ọmọ pé P = U²/R. Wọ́n ń kà á sórí, wọ́n ń gba máàkì, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan. A fẹ́ agbára watt 3000 lórí kúráǹ volt 220. Ìlọ́po 220 ní 220 jẹ́ 48 400. Bí a bá fi 3000 pín in, ìdènà tí a ń wá jẹ́ ohm 16. Kúráǹ tí yóò sì máa fà jẹ́ ampère 13 àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Ilé tí disjoncteur rẹ̀ jẹ́ ti ampère 10 kò lè gbé e. Kí a lọ yanjú èyí lọ́dọ̀ CEET kí a tó ra bíríkì kan ṣoṣo.

Wáyà Kanthal A1 tí ó nípọn mílímítà kan yóò fún wa ní ohm 16 nínú bíi mítà 9 péré. Ó dùn mọ́ni nítorí owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n gbogbo watt 3000 yẹn ni yóò gba ojú wáyà tín-ín-rín náà jáde, yóò sì jẹ́ bíi watt 11 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tí yóò fi já. Bí a bá lo èyí tí ó nípọn mílímítà méjì, mítà 35 ni a óò nílò, watt tí ń gba ojú rẹ̀ jáde á sì wá sílẹ̀ sí bíi 1.4. Irú èyí á lò pẹ́. Nípa báyìí, wáyà tí ó dà bí ẹni pé ó wọ́n ni ó rọjú jù. A óò wé mítà 35 náà mọ́ ọ̀pá irin tí ó nípọn mílímítà 12, a óò fà á gùn ní ìwọ̀n tí wíwé rẹ̀ kò fi ní fara kan ara wọn, a óò sì tẹ́ ẹ sínú kòtò tóóró tí a gbẹ́ yí ògiri ìléru ká ní ìlà mẹ́rin. Kí a ṣe èyí kí wáyà tó gbóná rí, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá ti rí iná, bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní tútù, á ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Ohun tí ìwé Yúróòpù kì í sọ ni a fẹ́ fi kún un. Kúráǹ wa kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 220. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan climatiseur, ó lè já wá sí 180, pàápàá jùlọ fún ilé tí ó wà ní ìparí okùn. Ẹ tún padà sí P = U²/R: ìléru tí ó jẹ́ watt 3000 yóò di watt 2000 péré. Volt kò dín ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ti lọ. Iná á gun dé ibi kan, á dúró síbẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀, owó cash power á sì máa jó. Ọ̀nà méjì ni ó wà. A lè sun ìkòkò láti òru mọ́jú, nígbà tí àdúgbò ti sùn. A sì lè ṣe wáyà wa fún volt 200, kí ìdènà rẹ̀ jẹ́ bíi ohm 13. Ṣùgbọ́n bí kúráǹ bá padà di 230, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó watt 4000, yóò sì fa ampère 17, nítorí náà okùn àti disjoncteur gbọ́dọ̀ lè gbé 20. A fara mọ́ ti èkejì, pẹ̀lú okùn oní-mílímítà onígun 4.

Bí kúráǹ bá lọ pátápátá ńkọ́? Kí ọkàn má fò. Bíríkì tí ó dára á di ooru mú fún wákàtí púpọ̀, ìkòkò amọ̀ kì í sì í bàjẹ́ nítorí pé iná dúró díẹ̀. Èyí tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kí kúráǹ padà dé kí ó sì tan ìléru fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Kí a fi contacteur sí i tí yóò wà ní pípa títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi tún tẹ̀ ẹ́.

Wáyà inú ìléru kò wọ aṣọ. Ẹni tí ó bá fi irin kàn án nígbà tí kúráǹ wà nínú rẹ̀, ikú ni ó fi ọwọ́ kàn. Nítorí náà a óò fi ohun kan sí ìdérí tí yóò gé kúráǹ, ti ìlà méjèèjì pọ̀, ní kété tí a bá ṣí i. Férémù irin gbọ́dọ̀ ní okùn tí ó wọ ilẹ̀, èyí tí oníná ń pè ní la terre, kí disjoncteur différentiel ti 30 mA sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníná tí ó gba ìwé ẹ̀rí ni kí ó ṣe ìsopọ̀ yìí. Ọ̀dọ́ tí ó ka àpilẹ̀kọ wa lè wé wáyà, lè gé bíríkì, lè ṣe ìṣirò. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan ojú ibi tí kúráǹ ti ń wọlé.

Ìwọ̀n ooru kò ṣòro. Thermocouple oríṣi K tó fún iṣẹ́ wa. Kóònù amọ̀ tí Hermann Seger ṣe ní Berlin ní 1886 tún wà, ìyẹn ṣóńṣó kékeré tí a ń gbé síwájú ihò ìyọjú, tí yóò tẹrí ba nígbà tí iná bá ti tó. Àwa fẹ́ràn kóònù, nítorí pé kì í ṣe ooru nìkan ni ó ń wọ̀n, ó tún ń wọ̀n bí ooru náà ti pẹ́ tó lára amọ̀, bí ojú àwọn ìyá ti ń ṣe gan-an.

Iná gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdérí ṣí díẹ̀ títí omi inú amọ̀ yóò fi jáde tán, nítorí omi tí ó bá di ooru lójijì nínú amọ̀ á fọ́ ọ bí ìbọn. Ní 573°C, iyanrìn inú amọ̀ a máa wú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá sì ń tutù bọ̀ a máa sún kì ní ibẹ̀ kan náà. Kí a má ṣe kánjú kọjá níbẹ̀ ní lílọ tàbí ní bíbọ̀, kí a má sì ṣí ìdérí títí yóò fi sún mọ́ 100. Bí wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́ta agbára, tí wákàtí méjì tẹ̀ lé e ní ìdá méjì, tí mẹ́rin ìkẹyìn jẹ́ ní ẹ̀kún agbára, ìléru wa yóò lo kilowatt-heure 19. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó wà lórí ìwé iná rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì fi wé iye ife tí lítà 31 lè gbà. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò ńlá méjì péré ni ó fẹ́ fi sínú rẹ̀, yóò pàdánù. Bí ó bá jẹ́ ife àti àwo kéékèèké tí a tò ní ìpele, ìṣirò náà á bẹ̀rẹ̀ sí dára. Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí àmù fi gbọ́dọ̀ dúró sí ojú ilẹ̀ gbalasa.

Ti ta ni ìléru yóò jẹ́? Èrò wa ni pé kí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí orúkọ àwọn obìnrin amọ̀kòkò sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe kí a wá pè wọ́n nígbà tí amọ̀ bá ṣòro. Ọmọ tí ó mọ R kò mọ ibi tí a ti ń wa amọ̀ tí kì í là. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ti ìdí bọ́tìnì gba iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti obìnrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò kọ́ ohun kan, a kàn gbà á lọ́wọ́ wọn ni.

Ìgbà tí ìléru bá parí, ojú á kán gbogbo ènìyàn láti kó ife sí i. Kí wọ́n ní sùúrù. Iná àkọ́kọ́ ṣófo ni a ń dá a. Lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ bíríkì pẹ̀lú iná kékeré, a óò gbé e lọ sí bíi 1050°C láìsí ohun kankan nínú rẹ̀, a óò fi ihò ìyọjú sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a óò sì dá a dúró síbẹ̀ fún wákàtí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wáyà lè hu awọ rẹ̀. Bí ó bá tutù ní ọjọ́ kejì, tí wáyà tí ń dán tẹ́lẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti ṣetán láti gba ẹrù.